Máàpù gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rìí: Àyẹ̀wò Àwọn Máàpù Àtijọ́ ti Agbègbè Burnet ní Ìpínlẹ̀ Texas

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àyẹ̀wò àwọn máàpù tí àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń wọn ilẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí USGS, ti tẹ̀ jáde nípa agbègbè Burnet ní Texas, níbi tí iṣẹ́ ẹran ọ̀sìn àti iṣẹ́ òkúta ti jọ ń lọ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó ka àwọn máàpù náà bí a ti ń ka ìwé: ó bèèrè ohun tí wọ́n sọ, ohun tí wọ́n fò dá, àti ìdí tí wọ́n fi fò ó. Èrò tó gbé kalẹ̀ ni pé ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé ni àwọn máàpù náà lórí ọ̀rọ̀ òkè, odò àti òkúta, ṣùgbọ́n wọn kò rántí àwọn ènìyàn tó ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ náà. Ó tún fi hàn pé máàpù tuntun kò lè dípò àwọn ti àtijọ́, àti pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ẹ̀rí kíkún gbọ́dọ̀ tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ìfáàrà

Nílẹ̀ Yorùbá, bí ìjà ààlà bá ṣẹlẹ̀ láàárín ẹbí méjì, ohun méjì ni àwọn àgbà ń wá. Wọ́n ń wá pérégún tí àwọn tó ti kú gbìn sí ẹnu ààlà, wọ́n sì ń wá ẹni tó mọ ìgbà tí wọ́n gbìn ín àti ìdí tí wọ́n fi gbìn ín síbẹ̀. Pérégún nìkan kò tó, nítorí igi kò lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó, nítorí ẹnu lè yẹ̀. Ìgbà tí méjèèjì bá bára mu ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ń yanjú.

Pérégún ni máàpù. Ó dúró sójú kan, ó ń tọ́ka, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí tí wọ́n fi gbé e dúró síbẹ̀. Máàpù ìjọba tilẹ̀ ṣòro láti bi léèrè ju ìwé mìíràn lọ, nítorí pé ó wọ aṣọ àṣẹ. Orúkọ àwọn tó yà á máa ń wà ní etí ìsàlẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, níbi tí ojú kì í sábà dé. Kò sọ pé òun rò bẹ́ẹ̀, kò sì bẹ òǹkàwé kí ó gba òun gbọ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà láìjiyàn pé ohun tí kò bá sí lórí máàpù, kò sí lórí ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà ju bí ó ti lè kọ́kọ́ rí lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló ti fi Houston, Dallas àti Austin ṣe ilé. Àwọn ọmọ wọn ń bá ilé-ìwé lọ wo Ilé Ìjọba Texas ní Austin, ilé ńlá aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣí ní ọdún 1888. Agbègbè Burnet ni òkúta ara rẹ̀ ti wá. Àwọn máàpù agbègbè náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí, nínú àkójọ máàpù àtijọ́ tí USGS ṣe, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1884. Ẹnikẹ́ni lè ṣí wọn. Ìbéèrè tó kù ni bí ó ṣe yẹ kí a kà wọ́n.

Ilẹ̀ náà àti òkúta rẹ̀

Burnet wà ní nǹkan bí máìlì 50 sí àríwá ìwọ̀-oòrùn Austin. Odò Colorado gba ibẹ̀ kọjá. Kì í ṣe Colorado tó gbẹ́ àfonífojì ńlá ní Arizona, bí kò ṣe èyí tó ń ṣàn nínú Texas títí tó fi wọ òkun. Irú òkúta méjì ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Èkíní ni akọ òkúta aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń pè ní gíránáìtì, tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù ọdún kan. Èkejì ni òkúta ẹfun tó yí i ká. Ilẹ̀ tó bo méjèèjì kò nípọn. Ní ibi púpọ̀, ọkọ́ kò lè lọ jìnnà kí ó tó kan òkúta, ṣùgbọ́n koríko ń hù láàárín àlàfo òkúta. Ìdí nìyí tí màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ fi di iṣẹ́ àwọn ará ibẹ̀, tí fífọ́ òkúta sì di iṣẹ́ kejì.

Òkè tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni Granite Mountain, òkúta kan ṣoṣo tó yọrí láti inú ilẹ̀, tó fẹ̀ tó nǹkan bí éékà 180. Ó wà lẹ́bàá ìlú Marble Falls. Orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀ ń ṣini lọ́nà: òkúta ẹfun líle ni omi ń gbà ṣubú níbẹ̀, kì í ṣe mábù. Ẹni tó dá ìlú náà sílẹ̀ ní ọdún 1887 ni Adam Rankin Johnson. Awọnlẹ̀ ni ní agbègbè Burnet kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó bẹ́ sílẹ̀. Ó lọ jagun fún ẹ̀gbẹ́ àwọn tó fẹ́ kí oko ẹrú máa bá a lọ, ìbọn sì fọ́ ọ lójú méjèèjì ní ọdún 1864. Ó padà sí Burnet ní afọ́jú, ó sì fi ohun tó rántí nípa ilẹ̀ tó ti wọ̀n rí dá ìlú sílẹ̀. Ìtàn yìí dùn, àwọn ará ibẹ̀ sì fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó tún kọ́ni ní ohun kan nípa máàpù: ẹni tó mọ ilẹ̀ dáadáa lè má rí gbogbo ẹni tó wà lórí rẹ̀.

Abala àkọ́kọ́: ibi tí òkè ti gba gbogbo àyè

Wọ́n dá USGS sílẹ̀ ní ọdún 1879. Nígbà tí John Wesley Powell di olórí rẹ̀, ó bẹ ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ní ọdún 1884 pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ya máàpù gbogbo orílẹ̀-èdè náà lẹ́sẹẹsẹ. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iṣẹ́ náà dé àárín Texas. Wọ́n pín ilẹ̀ sí abala abala. Ìwọ̀n tí wọ́n lò fún àwọn abala àkọ́kọ́ wọ̀nyí ni 1:125,000, èyí tó túmọ̀ sí pé íǹṣì kan lórí ìwé jẹ́ nǹkan bíi máìlì méjì lórí ilẹ̀. Awọnlẹ̀ á gun orí òkè, á gbé pátákó rẹ̀ lé orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, á sì ya ohun tó ń rí síbẹ̀ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀.

Àwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò: dúdú fún ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe, àwọ̀ aró fún omi, àwọ̀ ilẹ̀ fún gíga òkè. Àwọn ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ yìí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yìn. Ìlà kọ̀ọ̀kan so àwọn ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀. Níbi tí àwọn ìlà bá ti súnmọ́ra, ilẹ̀ ga gègèrè. Níbi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, ilẹ̀ tẹ́jú. Ẹni tó bá fi sùúrù wò wọ́n lè mọ ibi tí ẹran yóò ti rí omi mu, ibi tí kẹ̀kẹ́ ẹrù kò ti ní lè gun òkè, àti ìdí tí ọ̀nà fi yà sí ọ̀tún dípò òsì. Awọnlẹ̀ ìgbà náà kò ní ọkọ̀ òfuurufú, síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì ṣeé tọ̀ lójú ọ̀nà.

Ìyìn náà ní ààlà. Ní irú ìwọ̀n yẹn, ilé jẹ́ àmì dúdú kékeré kan, ilé olówó àti ahéré òṣìṣẹ́ sì jọra. Ojú irin jẹ́ ìlà dúdú tó ní ìdábùú wẹ́wẹ́. Kò sí àmì fún ẹni tó ni oko, kò sí fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn mìíràn, ìjọba àpapọ̀ ti pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin mẹ́rin kí ó tó tà á, àwọn onígun náà sì máa ń hàn lórí máàpù. Texas kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé nígbà tó dara pọ̀ mọ́ Amẹ́ríkà ní ọdún 1845, ó mú ilẹ̀ ìlú rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì pín in ní ìlànà tirẹ̀. Nítorí náà, abala máàpù Burnet dà bí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ni. Òkè àti odò ló gba gbogbo àyè. Òǹkàwé tí kò bá ṣọ́ra yóò rò pé ilẹ̀ òfìfo ni.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní àkókò yẹn gan-an, ìjà ilẹ̀ ń gbóná ní Texas. Ní ọdún 1883, àwọn darandaran tí kò ní ilẹ̀ tiwọn bẹ̀rẹ̀ sí í gé wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn olóko ńlá fi ń sé koríko àti omi mọ́. Ní ọdún 1884, òfin sọ gígé wáyà di ọ̀ràn ńlá tí a lè tìtorí rẹ̀ sẹ́wọ̀n. Wáyà náà ló pinnu ẹni tí ẹran rẹ̀ yóò yè. Kò sí lórí abala máàpù náà.

Òkúta tí wọ́n fi ilẹ̀ kọ́

Ohun tí máàpù kò sọ tún hàn kedere sí i nínú ìtàn Ilé Ìjọba Texas. Iná jó ilé ìjọba àtijọ́ ní ọdún 1881. Ìpínlẹ̀ náà kò ní owó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní ilẹ̀. Ó gbé éékà 3,000,000 kalẹ̀ ní ìhà àríwá jíjìnnà ìpínlẹ̀ náà, ó fún àwọn oníṣòwò láti Chicago gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́, wọ́n sì gbà láti kọ́ ilé tuntun. Ilẹ̀ náà kan àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá. Òun ló di XIT, ọ̀kan nínú àwọn oko màlúù tó tóbi jù lọ tí a tíì sé ní wáyà, tí màlúù àkọ́kọ́ sì dé sí ní ọdún 1885.

Òkúta ẹfun láti ẹ̀bá Austin ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi kọ́ ara ilé náà. Nígbà tí wọ́n rí i pé irin tó wà nínú rẹ̀ ń mú kí ó ta ìpẹtà, wọ́n yí ojú sí Burnet. Àwọn mẹ́ta tó ni Granite Mountain, Lacy, Norton àti Westfall, fún ìpínlẹ̀ náà ní òkúta lọ́fẹ̀ẹ́. Òkúta wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò gé e? Ìjọba fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe náà, Gus Wilke. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹ́kùúta kọ̀ láti bá iṣẹ́ tí wọ́n fi ẹlẹ́wọ̀n ṣe dọ́rẹ̀ẹ́. Ni Wilke bá ránṣẹ́ sí Aberdeen ní Scotland ní ọdún 1886, àwọn agbẹ́kùúta 62 sì dé Texas láti ibẹ̀. Wọ́n pe Wilke lẹ́jọ́ nítorí òfin ọdún 1885 tó ka irú ìgbanisíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè léèwọ̀, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Síbẹ̀ iṣẹ́ ń lọ. Wọ́n fa ojú irin dé ẹsẹ̀ òkè, àwọn ọkọ̀ ẹrù tó lé ní 15,000 sì kó òkúta lọ sí Austin.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1865, ní Galveston, ni wọ́n ti kéde fún àwọn ẹrú Texas pé wọ́n ti di òmìnira. Àtúnṣe òfin tó fòpin sí oko ẹrú ní ọdún yẹn kan náà fi àlàfo kan sílẹ̀: ó gbà kí a fi tipátipá mú ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi pọ̀ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Texas ju ìwọ̀n wọn láàárín aráàlú lọ. Nígbà tí òkúta Burnet fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin, kò tíì ju nǹkan bí ogún ọdún lọ lẹ́yìn ìkéde Galveston. Lára àwọn tó gé e ni àwọn tí wọ́n bí sínú oko ẹrú tàbí tí àwọn òbí wọn wà nínú rẹ̀. Òkúta láti Granite Mountain kan náà tún lọ sí Galveston láti fi dí òkun lọ́nà.

Máàpù wo ló sọ gbogbo èyí? Kò sí. Ilẹ̀ XIT wà lórí àwọn abala tirẹ̀, ibi ìfọ́-òkúta wà lórí abala Burnet, ilé tí a kọ́ wà lórí abala Austin. Ìdúnàádúrà kan ṣoṣo ló so oko màlúù pọ̀ mọ́ òkúta, òkúta pọ̀ mọ́ ẹlẹ́wọ̀n, ẹlẹ́wọ̀n pọ̀ mọ́ ilé ìjọba, ṣùgbọ́n àwọn abala náà kò bára wọn sọ̀rọ̀. Máàpù ń sọ ibi tí nǹkan wà. Kò sọ ohun tí wọ́n fi rà á.

Ìwé Paige: nígbà tí máàpù ní ẹnu

Ní ọdún 1912, USGS tẹ abala Llano àti abala Burnet jáde pọ̀ nínú ìwé kan tí Sidney Paige kọ, èyí tó jẹ́ nọ́ńbà 183 nínú ọ̀wọ́ ìwé ńlá wọn nípa òkúta ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti tẹ̀ nípa agbègbè yìí, òun ni ó sún mọ́ ẹ̀rí kíkún jù lọ. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé máàpù àti ọ̀rọ̀ wà nínú àpò kan. Àwọ̀ sọ irú òkúta tó wà ní ibì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ sọ bí òkúta náà ṣe débẹ̀ àti ìlò tó ṣeé lò fún. Pérégún wà, ẹnu sì wà.

Ṣùgbọ́n ẹnu ta ni? Ẹnu onímọ̀ ilẹ̀ tó ń kọ̀wé fún àwọn tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n lè wà jáde ni. Akọ òkúta, irin, àti àwọn àlùmọ́ọ́nì ṣọ̀wọ́n bí irú èyí tó mú kí òkè Barringer ní Llano lókìkí ló wà lọ́kàn irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀bi nínú èyí. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni ó jẹ́. Ẹ̀bi wà fún òǹkàwé tó bá gbé ìwé náà tì tó sì sọ pé òun ti mọ ìtàn Burnet. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó gba ọ̀nà òkúta wọlé rí òkúta. Ó ṣì ku ọ̀nà ènìyàn.

Ibi tí omi bò

Ní ìparí àwọn ọdún 1930, wọ́n parí ìdídò ńlá kan sórí odò Colorado, ó sì di adágún Buchanan. Ní ọdún 1951, ìdídò mìíràn sọ ẹsẹ̀ odò tó wà ní Marble Falls di adágún. Iná mànàmáná dé, ìkún omi dínkù, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ìlú ńlá láti gbafẹ́. Ṣùgbọ́n omi bo ìlú Bluffton àtijọ́, ó bo òkè Barringer, ó sì bo ìṣàn omi tó fún Marble Falls lórúkọ. Lónìí, ẹni tó bá béèrè ọ̀nà ibi tí omi ti ń ṣubú ní Marble Falls yóò bá adágún tó dákẹ́ rọ́rọ́.

Níbí ni abala àtijọ́ ti gba ẹ̀san rẹ̀. Máàpù tí wọ́n yà kí ìdídò tó dé nìkan ló ṣì ń fi odò hàn bí odò, pẹ̀lú bèbè rẹ̀ àti ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí àwọn èèyàn ń gbé. Nígbà tí ọ̀dá mú adágún Buchanan fà ní ọdún 2009 àti 2011, ìpìlẹ̀ ilé Bluffton yọ síta. Àwọn tó lọ wò ó rí òkúta àti irin nílẹ̀. Ẹni tó bá mú máàpù àtijọ́ dání nìkan ló lè sọ ibi tí ọ̀nà tó gba àárín wọn kọjá ń lọ. Ohun tí abala náà ṣe láìmọ̀ ni pé ó di ẹlẹ́rìí ìkẹyìn fún ilẹ̀ tí kò tíì mọ̀ pé òun yóò rì.

Àwọn abala kékeré àti ohun kéékèèké

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, USGS bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ máàpù ìwọ̀n 1:24,000 fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà, iṣẹ́ tó gbà wọ́n títí di àwọn ọdún 1990. Ilẹ̀ tó wà lórí abala àkọ́kọ́ kan ṣoṣo di abala mẹ́rìndínlógún. Àyè wá wà fún ohun kéékèèké. Wọ́n ń lo fọ́tò tí wọ́n yà láti òfuurufú, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ṣì ń rin ilẹ̀ náà láti yẹ iṣẹ́ wò, láti béèrè orúkọ lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀.

Lórí irú abala wọ̀nyí ni oko màlúù ti wá fojú hàn nígbẹ̀yìn. Kò hàn nípa ààlà rẹ̀, bí kò ṣe nípa omi rẹ̀: ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń fa omi, kànga, ọ̀gọ̀dọ̀ tí wọ́n gbẹ́ fún ẹran, ọ̀nà tóóró tí ọkọ̀ lásán kò lè gbà. Àwọ̀ ewé fi ibi tí igbó wà hàn. Pákáǹleke méjì tó dábùú ara wọn dúró fún ibi ìfọ́-òkúta, ṣọ́bìrì méjì sì dúró fún ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn. Ṣọ́ọ̀ṣì àti itẹ́ òkú ní àmì tiwọn. Nígbà tí àtúnṣe bá dé láìjẹ́ pé wọ́n tún gbogbo rẹ̀ yà, àwọ̀ elése àlùkò ni wọ́n fi ń tẹ ohun tuntun. Ibi tí wọ́n ti fọ́ òkúta sí i, òpópónà tuntun, ilé tuntun létí adágún, gbogbo wọn á yọ ní elése àlùkò lórí ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀. Òǹkàwé lè rí ìgbà méjì lórí ìwé kan.

Itẹ́ òkú ló yẹ kí a tẹnu mọ́ jù. Ní Texas, lẹ́yìn ọdún 1865, ọ̀pọ̀ àwùjọ àwọn tí wọ́n ti dá sílẹ̀ lóko ẹrú tẹ̀dó sórí ilẹ̀ tí ẹlòmíràn kò fẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ìletò náà ti túká. Ilé-ìwé wọn wó, orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ìjọba mọ́, àwọn ọmọ wọn sì ti lọ sí ìlú ńlá. Nígbà mìíràn, ohun tó kù ni àmì itẹ́ òkú kékeré lórí abala 1:24,000, nínú oko màlúù tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà ní títì. Àmì náà kò sọ ẹni tó sùn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, ta ni yóò mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè kí katakata tó gba ibẹ̀ kọjá?

Tuntun dé, àtijọ́ kò gbọdọ̀ di ìgbàgbé

Láti ọdún 2009, USGS ti ń tẹ irú máàpù mìíràn jáde tí wọ́n pè ní US Topo. Kọ̀ǹpútà ló ń kó o jọ láti inú àkójọ dátà tó ti wà, ètò náà sì jẹ́ pé kí wọ́n máa tún un ṣe ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Fọ́tò òfuurufú wà lábẹ́ rẹ̀, òpópónà rẹ̀ bá ti òní mu, kò sì sí ìdí láti dúró fún ogún ọdún kí àtúnṣe tó dé.

Àléébù rẹ̀ wà nínú ohun kan náà. Ẹnikẹ́ni kì í fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà mọ́ nítorí rẹ̀. Ohun tí kò bá sí nínú àkójọ dátà kò lè bọ́ sórí máàpù. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀nà okùn iná, ọ̀pá epo abẹ́ ilẹ̀ àti ọ̀pọ̀ irú ilé kò sí lórí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dá àwọn kan padà. Bí a bá fi abala 1:24,000 ti àtijọ́ wé e, tuntun ló mọ ojú ọ̀nà jù, àtijọ́ ló mọ ilé jù. Ìyẹn jẹ́ ìdájọ́ tó le lórí iṣẹ́ tó ná owó púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo méjèèjì pọ̀ yóò gbà á.

Àwọn kan lè sọ pé àyẹ̀wò yìí ń bi máàpù ní ìbéèrè tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n á ní iṣẹ́ máàpù ni láti fi ilẹ̀ hàn fún awakùsà àti ẹni tó ń la ọ̀nà, kì í ṣe láti kọ ìtàn òṣìṣẹ́. Òótọ́ wà nínú èyí, ó sì yẹ kí a gbà á. Ṣùgbọ́n máàpù kì í dúró sí ibi tí wọ́n rán an. Wọ́n ń gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n ń fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé, wọ́n ń wò ó kí wọ́n tó fún ẹnìkan ní ìyọ̀ǹda láti fọ́ òkúta. Ohun tí wọ́n ń lò bí ẹ̀rí ní ibi púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ̀rí.

Orúkọ pẹ̀lú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá sá àsálà lọ sábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830, orúkọ tí wọ́n sọ ibẹ̀ ni Abẹ́òkúta. Orúkọ náà ní òkúta nínú, ó sì ní ènìyàn nínú, nítorí ẹni tí kò bá sí kò lè wà lábẹ́ ohunkóhun. Granite Mountain sọ òkúta nìkan. Ẹni tó bá ń ka máàpù Burnet ní èdè Yorùbá lè fi etí yẹn gbọ́ ohun tó kù nínú orúkọ náà.

Àgbálọgbábọ̀

Kò sí máàpù Burnet kan tó burú, kò sì sí èyí tó tó. Abala 1:125,000 mọ òkè. Ìwé Paige mọ òkúta. Àwọn abala 1:24,000 mọ omi oko àti itẹ́ òkú. US Topo mọ òpópónà òní. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ẹlẹ́wọ̀n tó gé òkúta, tàbí darandaran tí wáyà tì síta. Àwọn yẹn wà nínú ìwé ọgbà ẹ̀wọ̀n, nínú ìwé ìròyìn ìgbà náà, àti lẹ́nu àwọn ọmọ wọn.

Nítorí náà, olùkọ́ tó bá fẹ́ lo àwọn máàpù yìí ní kíláàsì èdè Yorùbá kò gbọdọ̀ gbé ẹyọ kan síwájú ọmọ. Kí ó gbé mẹ́ta kalẹ̀: èyí tó ṣáájú ìdídò, èyí tó tẹ̀lé e, àti ti òní. Kí ó ní kí àwọn ọmọ fi Yorùbá sọ ohun tó wà lórí ọ̀kan tí kò sí lórí èkejì. Odò, adágún, ààlà, akọ òkúta, òkúta ẹfun, awọnlẹ̀: àwọn ọ̀rọ̀ náà wà lédè wa, wọ́n sì ń dúró de ẹni tí yóò lò wọ́n fún ilẹ̀ tí a ń gbé báyìí. Lẹ́yìn náà, kí ó bi wọ́n léèrè ẹni tó gé òkúta ilé tí wọ́n lọ wò ní Austin. Wọn kò ní rí ìdáhùn lórí ìkankan nínú àwọn máàpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbà náà ni kí ó fi hàn wọ́n bí a ti ń wá ẹlẹ́rìí kejì.